Wọ́n Ní Mo Ṣẹ́yún, Àṣé Kókó Ló Lọ́ Nínú Mi

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó ń yọni lẹ́nu ikú! Ẹ yìn ín kó dún dé àdúgbò Ilare lọ́hùn-ún! Halelúyà! Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi.

Èmi ni Morẹ́nikẹ́, ọmọ ìyá aránṣọ Ìpetumodù. Mo wà ní ọdún kẹta nílé ìwé gíga. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ sì mọ ìgbà tí ẹ ò rí mi níbẹ̀ mọ́.

Nǹkan oṣù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń dun ọ̀pọ̀ obìnrin. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ó yí padà. Ẹ̀jẹ̀ á dà fún ọjọ́ mẹ́wàá, á dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ikùn mi lápá òsì á máa dùn bí ẹni pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ rò ó. Mi ò lè jókòó títí kíláàsì á fi parí.

Mo lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré kan ládùúgbò. A pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì bi mí lójú gbogbo èèyàn pé, "Oṣù mélòó ni?"

Mo ní, "Oṣù mélòó kí ni, Mà?"

Ó ní, "Oyún náà ni! Àbí o ti lọ ṣẹ́ ẹ, tí ẹ̀jẹ̀ ò wá dá mọ́?"

Mo ní mi ò mọ ọkùnrin rí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Nọ́ọ̀sì ní, "Ohun tí gbogbo yín máa ń sọ nìyẹn." Ó ju oògùn ara ríro sí mi, ó pe ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ mí wò. Ẹ̀yin ará, mi ò yọjú sí ilé ìwòsàn kankan mọ́. Ìtìjú ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹgbẹ́ akọrin kí n tó débẹ̀. Arábìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Sinmi ná, Morẹ́nikẹ́. Tó o bá ti jẹ́wọ́, wàá padà." Kí n jẹ́wọ́ kí ni, Olúwa? Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. Mo ń gbé oògùn kẹ́mísì mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mo sọ fún Ọlọ́run pé, "Tí mo bá máa kú, jẹ́ kí n kú kí màmá mi tó gbọ́."

Wọ́n ti gbọ́! Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: "Nikẹ́, ohun tí mo gbọ́ yìí, ṣé òótọ́ ni?" Mo ká a sábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Sìfáwù, ọmọ Ẹdẹ tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Ìlódè, Mùsùlùmí ni. Òun nìkan ni kò fẹ̀sùn kàn mí. Ó ń bá mi fọ aṣọ tó lẹ́jẹ̀, kò yínmú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n gbé báàkéètì omi. Nǹkan fà mí nínú! Mo bì, mo ṣubú lulẹ̀. Mo gbọ́ tí Sìfáwù ń ké, "Ẹ gbà mí o! Ó ń kú lọ!" Epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà yẹn, a ò rí takisí. Ọkọ̀ tó ń pín búrẹ́dì ló dúró fún wa. Àárín búrẹ́dì gbígbóná ni wọ́n tẹ́ mi sí. Mo ní, ṣé òórùn tí mo máa gbọ́ kẹ́yìn láyé nìyí?

Nílé ìwòsàn ńlá, dókítà obìnrin kan fa aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, "Àbúrò, mi ò ní pariwo lé ẹ lórí. Sọ gbogbo ẹ̀ fún mi." Ẹkún ni mo kọ́kọ́ sun. Oṣù mẹ́rin! Òun lẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn mi. Dókítà ní, "Kò sí oyún. Kókó olómi kan wà lára ilé ẹyin rẹ. Ó tóbi ju ọsàn lọ, ó sì ti lọ́. A gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ lónìí."

Sìfáwù júwe ilé wa fún awakọ̀ búrẹ́dì yẹn, òun ló lọ pe màmá mi wá láti Ìpetumodù. Okùn tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n wọlé. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ṣé oyún ló ṣẹ́?"

"Rárá, Mà. Àìsàn ni. Ó lè ṣe obìnrin yòówù."

Màmá mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi ló kúnlẹ̀ fún èmi! "Nikẹ́, dárí jì mí. Mo gbà wọ́n gbọ́." Wọ́n wá bi dókítà pé, "Ṣé ó máa lè bímọ?"

Dókítà ní, "Ilé ẹyin méjì ló ní, Mà. Ọ̀kan tó fún un láti fi bímọ. Ṣùgbọ́n tá a bá jáfara, ẹ̀mí ẹ̀ gan-an ló máa lọ." Màmá mi tọwọ́ bọ̀wé.

Wọ́n gbé mi wọlé. Mi ò lè gbàdúrà gígùn. "Jésù" nìkan ni mo ń pè.

Mo lajú! Ẹ ò gbọ́ bí? Mo ní mo lajú! Dókítà ní, "A yọ ti òsì, ó ti kú. Ti ọ̀tún dára. Ilé ọmọ rẹ náà dára." Ìwọ Ọlọ́run, o ṣeun! O ṣeun, o tún ṣeun!

Arábìnrin tó ní kí n jẹ́wọ́ ti wá bẹ̀ mí, mo sì ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí, ẹ má bínú: ká tiẹ̀ ní oyún ni, ṣé kí n kú ni?

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Sìfáwù, ó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó bá mi wá.

Arábìnrin mi tí nǹkan ń ṣe, tó ń fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀, gbàdúrà, kó o sì dìde. Tí wọ́n bá fi ẹ́ ṣẹ̀sín níbì kan, lọ síbòmíì. Tí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́ láti dá lọ, wá fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn ìsìn. Má sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọ̀la, a jọ máa lọ sílé ìwòsàn ni.