Ẹ̀fà Tí Mo Kà Lé Àbúrò Mi Lórí

Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa dé. Dókítà ní ọkàn mi ò lè lò ju oṣù mélòó kan lọ mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró ti pósí mi kó máa pè mí ní èèyàn dáadáa. Èèyàn dáadáa kọ́ ni mí. Àwọn tí a jọ máa ń ta dáìsì ṣeré mọ díẹ̀ nínú ìwà mi. Èyí tó burú jù ni wọn ò mọ̀.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, àwa mẹ́rin máa ń jókòó yí tábìlì kan ká láàárín àwọn dígí: èmi, àbúrò mi tó ń tún aago ṣe, nọ́ọ̀sì kan, àti bíríkìlà kan tí a ń pè ní Ó-Ku-Díẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í parí. Eré ìtàn là ń ṣe. Kálukú ní akọni àròsọ tirẹ̀, tó kọ agbára àti ìrìn rẹ̀ sínú ìwé kan. Èmi ni mò ń pa ìtàn, èmi náà ni mò ń darí àwọn ọ̀tá. Bí ìjà bá dé, ẹni tó bá kàn á sọ ohun tí akọni rẹ̀ fẹ́ ṣe, á ta dáìsì bíi ti lúdò, iye tó bá já á sọ bóyá ó ṣe é ṣe.

Akólòlò ni àbúrò mi láti kékeré. Kó tó kàn án, yóò ti kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú pélébé ìwé, á tì í sí mi lọ́wọ́, á ta dáìsì, ó parí. Kò sẹ́ni tó yára tó o. Èrò rẹ̀ sì mú. Bí mo bá ka ìwé rẹ̀ síta, nọ́ọ̀sì á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ọpọlọ rèé!" Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi, lórí tábìlì tèmi. Ìlara mú mi, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Lóòótọ́, ìjà wa máa ń pẹ́. Ó-Ku-Díẹ̀ á máa wo fóònù, bó bá kàn án, á béèrè pé, "Ibo la bá a dé?" Èmi náà á máa ṣí ìwé òfin kiri. Lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀sì figbe ta: "Ìjà kan ṣoṣo látọ̀sán! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí i." Mo rí àyè. Mo ní láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti kan èèyàn, màá ka ení dé ẹ̀fà. Tí kò bá tíì sọ̀rọ̀ tán, ó ti kọjá rẹ̀ nìyẹn. Mo tún ní mi ò gba pélébé ìwé mọ́, ẹnu ni kálukú máa fi sọ ọ́.

Àbúrò mi wò mí. "Bọ̀ọ̀dá, ì-ì-ìwé ló yá jù."

Òótọ́ ló sọ. Mo dá a lóhùn pé òfin kì í ṣojúsàájú. Ẹ wò mí, èmi tí mo ṣòfin tìtorí ẹnì kan ṣoṣo!

Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló ń kọjá rẹ̀. Mo gbé àga rẹ̀ kọjú sí dígí tó tóbi jù, kó lè máa rí ẹnu ara rẹ̀. Síbẹ̀ kò sá. Ó sọ fún mi nílé pé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan fẹ́ gba òun ní olùkọ́, pé wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun sì fẹ́ fi eré wa tún ẹnu ṣe. "Tí mo bá lè sọ ọ́ l-lójú yín, màá lè sọ ọ́ lójú wọn." Ó fọkàn tán mi. Mo ní ó dáa.

Orí ẹní kan náà la jọ sùn dàgbà, mo mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń há a lọ́fun. Kò sí èyí tó le fún un tó "kọ́kọ́rọ́". Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó fọwọ́ júwe rẹ̀ fún ìyá wa títí ó fi sunkún. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ìṣẹ́gun yẹn, mo pa ìtàn kan: ẹnubodè ń pa dé mọ́ àwọn akọni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ kan péré ló lè dá a dúró, akọni àbúrò mi nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sí ìwé, mo nà án sí i. Ó kà á, ó gbójú sókè wò mí.

"Ó kàn ẹ́," mo ní. "Ení."

"K-k-k…"

"Èjì."

Ó di etí tábìlì mú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó-Ku-Díẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó bá mi ka ẹ̀ta. Nọ́ọ̀sì náà bá wa ka ẹ̀rin, ó rò pé eré ni. Mo wá ń yára sí i. Àrún àti ẹ̀fà fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde pọ̀ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ó ti pa dé. Gbogbo yín ti kú." Mo gba ìwé akọni rẹ̀, èyí tó ti ń tọ́ bọ̀ láti ọdún mẹ́rin, mo fà á ya lójú rẹ̀. Itọ́ wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Mo tún ní, "Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Tìẹ ti pẹ́ jù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run gbọ́, ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù.

Kò lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Odindi ọdún mọ́kànlá ló fi ń kọ̀wé fún àwọn oníbàárà rẹ̀ dípò kó bá wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi ò bẹ̀ ẹ́.

Lánàá ó wá kí mi. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀rọ̀ yẹn ni.

"Mo m-mọ̀," ló wí. "Bí mo ṣe ka ìwé yẹn ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀-ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Mo rò pé ẹ máa dúró dè mí."

Ó dìde, ó sì lọ. Kò ní òun dárí jì mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń darí irú eré yìí, kò burú kí ẹ fẹ́ kí ìjà yá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí òfin yín máa pa lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá sì pàdé àbúrò mi, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.