Síìtì Ẹ́ńjìnì Tó Wà Nínú Àpótí Mi

Ẹ̀yin tó ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Mẹkáníìkì ni mí, ní Ìsọlọ̀. Bàbá Rídíwáànù, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kábúkábú. Nígbà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú, mo bá a fi tòkunbọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n síìtì tó yẹ kó gbé ẹ́ńjìnì náà dúró kò bá ihò ara ọkọ̀ mu. Mi ò wá èyí tó bá a mu. Mo gé irin pẹlẹbẹ, mo fi rọ́bà táyà sí i láàárín, mo gbé e fún wẹ́dà kó jó o pọ̀ di síìtì.

Wẹ́dà ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin yìí fẹ́lẹ́ o. Ẹ́ńjìnì lẹ fẹ́ gbé lé e, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀."

Mo ní, "Jó o pọ̀, jàre."

Èmi àti Bàbá Rídíwáànù jọ gbé ọkọ̀ náà jáde láti dán an wò. A ò tíì dé Bọ́ládé tí irin náà fi kán. Ẹ́ńjìnì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa wáyà tó ń mú ọkọ̀ sáré, ọkọ̀ bá ń sáré fúnra rẹ̀. Bàbá Rídíwáànù ló ń wakọ̀, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí búrèkì. Ojú mi ló ṣe. Ọkọ̀ kò dúró, àfi ìgbà tó kọlu ògiri. Orúnkún rẹ̀ fọ́, egungun ìhà mi méjì kán.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá. Kí ẹnikẹ́ni tó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, mo ti tú irin náà, mo fi àkísà wé e, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi.

Bàbá Rídíwáànù fúnra rẹ̀ ló wá ń sọ pé bóyá òun ṣi ẹsẹ̀ gbé, pé bóyá kì í ṣe búrèkì lòun tẹ̀. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Ẹ̀rù ọlọ́pàá bà mí, ẹ ṣàánú mi.

Kò wakọ̀ mọ́. Ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní ọjà Aswani ló ń jókòó sí. Àwọn ará ọjà á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Rídíwáànù, búrèkì dà?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ bi ẹsẹ̀ mi."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀la, ó ń lọ láti ilé dé ilé láti tọrọ àforíjì, bí àwa mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe. Ó tiro wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Díẹ̀ ló kù kí ẹsẹ̀ mi yìí pa yín."

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún kò gbà fún un. Mo di apá rẹ̀ mú. Ẹnu mi ló sì sọ ọ́ pé, "Mo ti forí jì ọ́."

Láti ọjọ́ náà, mò ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gbójú sókè ṣàdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ilé rẹ̀ ni kí n gbé irin náà lọ, kí n jẹ́wọ́ fún òun nìkan? Àbí Aswani ni kí n gbé e lọ, níwájú gbogbo àwọn tó ń bi í pé búrèkì dà?