Ìwé Tí Kò Mọ Ọ̀jọ́

Mo wà nídìí àtẹ òǹtàwé kan ní Ìyànà-Ìbá nígbà tí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń jiyàn lórí ìwé tí ọmọ náà máa fi múra ìdánwò A-level nínú ẹ̀kọ́ Ìtàn.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká mú èyí. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá àti ìdáhùn wà nínú ẹ̀."

"Dúró ná. Mò ń wá Ọ̀jọ́, ìlú wa, nínú ẹ̀."

"Ọ̀jọ́ kẹ̀? Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!"

"Ìwé tí kò mọ ilé wa, ṣé ilé onílé ló máa wá mọ̀?"

"Dádì, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà ò mọ ilé wa."

Bàbá ṣí ojú ewé mìíràn. Èmi tí mo wá ra bírò, mo ti ṣí ìwé kan, mò ń wá ìlú tèmi.