Òdòdó Abẹ́ Agbọ̀n

Láti ìgbà tí òdòdó inú ìkòkò mi ti rẹ̀ dànù ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹ ó rò pé òdòdó kò tó ohun tí ìyá ọlọ́mọ márùn-ún ń torí rẹ̀ sunkún. Òótọ́ ni. Kì í ṣe òdòdó ni mò ń sunkún sí. Ìyàwó ilé wa ni, tí kò lọ sí ilé ìwòsàn nítorí mi, èmi tí mo mọ̀ pé ó yẹ kí ó lọ, tí mo sì panu mọ́.

Ìyá Fẹ́mi, ìyàwó tíṣà, ló ni òdòdó náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ gbé ìlú òyìnbó rí, ibẹ̀ ló sì ti mú un wá. Bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní pè é ní òdòdó. Kò ní ewé. Ṣe ló rí pẹlẹbẹ, oríkèé lórí oríkèé, bí ẹsẹ̀ akàn. Nígbà tí ìjọba gbé ọkọ rẹ̀ kúrò ní Igbó-Ọrà níbí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní mọ́tò akẹ́rù yóò ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó bá gbé e fún mi, ó sì kọ́ mi ní ìtọ́jú rẹ̀. Ó ní, "Màmá Délé, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ dín omi rẹ̀ kù, ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ díẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, ẹ fi agbọ̀n bò ó kí iná àtùpà má kàn án. Ẹ má ṣí i títí oòrùn yóò fi mú. Tó bá ti yọ ìrudi, ẹ má gbé e kúrò lójú kan mọ́. Ẹ ó rí i bí yóò ṣe tanná nígbà Kérésì."

Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò rọrùn fún mi o, nítorí n kò lè rí ohun tí òùngbẹ ń gbẹ kí n má bomi fún un. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó hunjọ bí awọ arúgbó. Yàrá ìta mi ni àwa obìnrin ìjọ ti máa ń gbàdúrà ní ọjọ́rú, igun ibẹ̀ náà sì ni òdòdó yìí wà. Ìyá Ìjọ wa kì í rí i kí ó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Màmá Délé, òkú kì í sùn nílé àdúrà. Ẹ lọ sin ín." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rín. N kò ṣàlàyé, nítorí kò sí ẹni tó máa ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ìwé kẹrin ni mo kà dé. Bí wọ́n bá ń pín ẹni tí yóò gbàdúrà sókè, kì í kàn mí.

Ó ku díẹ̀ kí Kérésì dé, òdòdó náà tanná. Ó pupa, ó kún bẹẹrẹ lẹ́nu gbogbo oríkèé. Ní ọjọ́rú yẹn, Ìyá Ìjọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Ọ̀pá Áárónì rèé." Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ní irú àdúrà wo ni mo gbà? Ibí ni mo ti ṣẹ̀. Agbọ̀n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń wò ó. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Kàkà kí n sọ ọ́, mo tẹrí ba, mo ní, "Ọlọ́run ló tóbi." Ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹnu mi kò pa irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó dákẹ́ náà mọ irọ́ í pa. Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ń ní kí n gba àdúrà ìparí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ó dùn mọ́ mi.

Ìyàwó Ṣọlá wà láàárín wa lọ́jọ́ náà. Àbúrò ọkọ mi ni Ṣọlá, bíríkìlà ni. Ní ìlú tí ìbejì pọ̀ tó báyìí, tí ẹni tó bí méjì kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, obìnrin yìí kò tíì bí ẹyọ kan. Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe gbogbo àwa yòókù nínú agbo ilé. Òun, "ìyàwó" là ń pè é títí di òní. Dókítà kan ní Ìbàdàn ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ohun kan ló dí i nínú, pé iṣẹ́ abẹ lè tún un ṣe, ó sì ti dá ọjọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí yàrá mi láràárọ̀, ó ń gbé ọwọ́ lé ìkòkò. Bí òdòdó kan bá já, yóò ṣà á, yóò fi í sáàárín Bíbélì rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò lọ sí Ìbàdàn mọ́. Ẹni tó mú igi gbígbẹ tanná kò nílò abẹ dókítà.

Ṣọlá wá bá mi tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ ọn lápá. Ó ní òun ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ tán. "Màmá Délé, ẹ bá mi rọ̀ ọ́. Ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́ sí lẹ́nu." Mo ní mo gbọ́. Mo pe ìyàwó. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ agbọ̀n fún un, ṣùgbọ́n mò ń pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ: mo ní Ọlọ́run náà ló dá dókítà, mo ní kí ó lọ, kí àdúrà máa tẹ̀lé e. Ó wò mí lójú, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin náà ti ń ṣiyèméjì ni, Màmá?"

Mo ní rárá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Mo ní rárá. Ọjọ́ tí dókítà dá pé, mọ́tò lọ, ìyàwó kò wọ̀ ọ́.

Nígbà mìíràn mo máa ń sọ fún ara mi pé Ọlọ́run ló kúkú dá òdòdó, òun ló yan ìgbà tí yóò tan, kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Bí mo bá ti kúnlẹ̀, àwáwí yẹn kì í dúró. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Kí ó bá mi kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti gbà láti tẹ́. Kí Ìyá Ìjọ gba àdúrà ìparí rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi. Ṣọlá ti bẹ dókítà, ó sì ti dá ọjọ́ mìíràn fún wọn lẹ́yìn Àjíǹde. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ náà tó pé. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyàwó, tí yóò fi yé e pé èmi ni mo tàn án, tí kò fi ní rò pé Ọlọ́run ni?