Ohun Tí Fọ́ọ̀mù Náà Béèrè

Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú ọkọ̀ ojú omi tí mo wọ̀ láti Igbókòdá sí Zion Pepe, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní SS2 ń jiyàn lórí fọ́ọ̀mù tí ilé-ìwé ní kí òbí fọwọ́ sí: kí lo fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá?

"Pa 'títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe' yẹn rẹ́. Kọ nọ́ọ̀sì."

"Mi ò ní pa á rẹ́, Mọ́mì."

"Ta ló máa gbé ẹ́ńjìnnì fún obìnrin?"

"Àwọn tó ń gbé e wá sílé wa ńkọ́? Èmi ni mò ń tún un ṣe, ẹ̀yin lẹ ń sọ fún wọn pé bùọ̀dá mi ni. Bùọ̀dá tó ṣì ń sùn báyìí!"

"Kí wọ́n má baà sá ni. Ẹ̀rù ọjọ́ ọ̀la rẹ ló ń bà mí."

"Fọ́ọ̀mù yìí kò béèrè ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ohun tí mo fẹ́ ló béèrè."

Mi ò mọ bí ọmọbìnrin náà ṣe mọ iṣẹ́ náà tó, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀rá dúdú lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ìyá náà gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Mú bírò wá." Mo ti sọ̀kalẹ̀ kí ìyá náà tó kọ ohunkóhun.