Ìka Kẹfà Tí Mo Fi Kún Ẹsẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn, ó tó gẹ́ẹ́. Odindi oṣù mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí fi há mi lọ́fun, kò lọ sísàlẹ̀, kò padà sókè. Lónìí mo máa bì í. Akínọ̀ṣọ́ ò ṣoògùn. Akínọ̀ṣọ́ ò ri nǹkan kan mọ́lẹ̀. Èmi Ọláyọdé, tí gbogbo àdúgbò wa ní Ikate ń pè ní Yọdé Pẹ́ńtà, èmi ni mo ṣe é. Ọ̀sán gangan ni mo sì ṣe é, àwọn èèyàn dúró tì mí, wọ́n ń fún mi lómi mu. Ẹni tínú bá máa bí, kó bínú sí mi. Inú tó ń bí èmi gan-an sí ara mi ju tiyín lọ.

Àdúgbò wa kéré, àárín ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà àti èsítéètì olówó kan ló há sí. Lọ́dún tó kọjá, láàárín oṣù méjì, èèyàn mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ṣubú. Àǹtí Ọlábùnmí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló pe ìpàdé. Wọ́n ní, "Dókítà ní ká máa rìn. Ibo la fẹ́ máa rìn sí? Ṣé inú gọ́tà ni àbí abẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá?" Bá a ṣe jókòó nìyẹn, tá a ya ọ̀nà tara wa. Àwọn ìyá sọ ibi tí ibòji wà. Àwọn bàbá sọ ibi tí bẹ́ǹṣì máa wà, torí orúnkún. Ọ̀nà náà gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba géètì ẹ̀yìn wọ inú èsítéètì níbi tí igi pọ̀ sí, ó wá yí padà sílé. Àwọn èsítéètì gbà láti máa ṣí géètì yẹn fún wa láago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Àwọn tó jẹ́ pé ẹran wa ò gbọ́dọ̀ dún sí ògiri wọn!

Akínọ̀ṣọ́, bíríkìlà tó wá láti apá Òǹdó, ló da gbogbo ìbòrí gọ́tà tá à ń rìn lórí ẹ̀. Ó dà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyá òun, òun ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń ṣiṣẹ́ ní sáìtì, a jọ máa ń mu gàrí nínú abọ́ kan. Bàtà òjò kì í kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Lọ́jọ́ kan tó ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́sẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, mo rí i: ìka mẹ́fà ló wà lẹ́sẹ̀ òsì. Ó wò mí, ó ní, "Yọdé, nílé wa, tí mo bá ti ń kọjá, wọ́n á máa ka oókan, eéjì lẹ́yìn mi. Ìdí tí mo fi wá Èkó nìyẹn. Jọ̀ọ́, kó mọ síbí." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀." Ẹ fọkàn balẹ̀! Ẹ gbọ́ ẹnu tí kò mọ nǹkan tó ń sọ.

Ìpàdé fẹnu kò pé ẹsẹ̀ ni ká fi ṣe àmì ọ̀nà, torí ẹni tí ò kàwé náà mọ ẹsẹ̀. Bàbá Shamsudeen, tí rọpárọsẹ̀ ti mú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ni wọ́n yàn pé kó gbé ẹsẹ̀ lé páálí bisikíìtì. Àǹtí Ọlábùnmí fi bírò yí i ká, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé páálí náà fún mi pé kí n gé ojú ẹsẹ̀ yẹn jáde, kí n wá máa fi pẹ́ńtì yẹ́lò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jákèjádò ọ̀nà. Mo délé, mo mú abẹ. Mo gé ìka márùn-ún. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Mo bá gé ọ̀kan sí i. Kí ló fà á? Kò sóhun tó fà á. Mo kàn rò ó pé àwọn àgbààgbà á máa tọ ẹsẹ̀ Akínọ̀ṣọ́ láràárọ̀, wọn ò ní mọ̀, èmi nìkan ni màá mọ̀. Ẹ wo nǹkan tó ń pa odindi ọkùnrin lẹ́rìn-ín.

Ọgọ́sàn-án ẹsẹ̀ ni mo tẹ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà sí i, wọn ò ka ìka ẹ̀. Àfáà ṣe tiwọn, wọn ò kà á. Alága èsítéètì wá ya fọ́tò, ó ní nǹkan tó dáa nìyí, kò kà á. Akínọ̀ṣọ́ nìkan ló dúró lórí àkọ́kọ́, tó wò ó títí, tó wá wò mí. Ó ní, "Yọdé, tún un ṣe." Mo ní, "Lọ́la, ẹ̀gbọ́n." Ọ̀la yẹn ò dé. Oṣù kan gbáko la fi rìn. Bàbá Shamsudeen tó ń fi ọ̀pá méjì rìn ti ju ọ̀kan sílẹ̀. Àǹtí Ọlábùnmí ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn èèyàn, ó ń wálẹ̀, wọ́n ń jó.

Ìyá Waliyat tá a jọ ń rìn ló tú u. Èémí wọn ń kúrú lọ́nà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì sì ti sọ pé tí àyà bá ń já, kí wọ́n rọra máa ka nǹkan. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ka ìka ẹsẹ̀. "Ẹẹ́rin, aárùn-ún, ẹẹ́fà... Ẹẹ́fà kẹ̀? Yéè!" Kó tó di ọ̀sán, ojú gbogbo àdúgbò ti là pé oògùn ni. Ẹnì kan ní jẹnẹrétọ̀ òun ò tan mọ́ látìgbà yẹn. Ẹnì kan ní adìẹ òun ò yé mọ́. Ọkùnrin kan ní ìyàwó òun ò bá òun jà mọ́, pé ẹ̀rù ń ba òun. Bàbá Shamsudeen ní, "Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n yà, ara mi sì ń yá, kí lẹ̀ ń pariwo sí?" Wọ́n dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, wọ́n ti dì yín lójú."

Ìpàdé kún fọ́fọ́. Wọ́n kọjú sí mi. "Yọdé, ìwọ lo kùn ún. Ìka mélòó ni Bàbá ní?" "Mo fi ṣeré ni," ọ̀rọ̀ tó kù kí n sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ì bá gbá mi létí, ká sì lọ sílé. Àmọ́ mo rí ojú àwọn géńdé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù bà mí, mo ní, "Páálí tẹ́ ẹ fún mi tutù, ó já. Akínọ̀ṣọ́ ló gé òmíràn fún mi." Gbogbo ilé yíjú sí Akínọ̀ṣọ́ níbi tó jókòó sí. Kò tíì burú tó o. Ẹnì kan ní, "Irọ́ lò ń pa." Ni mo bá ní, "Ẹ ní kó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì ẹ̀." Ọkùnrin mẹ́ta dì í mú. Kò jà. Bàtà náà fún, kò yọ. Èmi, èmi tí mo jẹ gàrí ẹ̀, èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ fà á yọ. Ó kàn ń sọ pé, "Yọdé. Yọdé." Gbogbo wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, àgbà, ọmọdé, bí ọmọ iléèwé: "Oókan! Eéjì! Ẹẹ́ta!" Ó fọwọ́ bojú. Wọ́n sun bàtà náà níta, wọ́n ní kí oòrùn má wọ̀ bá a ládùúgbò. Ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ní bàtà wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, alága èsítéètì ti géètì. Ó ní àwọn ò lè gba olóògùn wọlé. Ìwọ tó o ya fọ́tò! Kò sẹ́ni tó rìn mọ́. Bàbá Shamsudeen padà sórí ọ̀pá méjì, wọ́n padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n fi pẹ́ńtì dúdú pa gbogbo ẹsẹ̀ náà rẹ́, mo sì pa á rẹ́, wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí Akínọ̀ṣọ́ ní sáìtì kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn. Ó ní, "Dìde, iyanrìn oníyanrìn lo sùn lé." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí." Ó ń po sìmẹ́ńtì lọ. Ó ní, "Ojú ta lo ti bọ́ bàtà mi?" Mo ní, "Ojú gbogbo èèyàn." Ó ní, "Ṣé àwọn ló wà níbí yìí? Padà síbẹ̀."

Mo padà síbẹ̀. Mo sọ fún Ìyá Waliyat, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní, "Yọdé, ìwọ àti eré ẹ." Mo sọ fún alága àdúgbò. Ó bi mí pé níbo ni mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní Ṣàngótẹ̀dó. Ó fò dìde: "Ẹ gbọ́! Akínọ̀ṣọ́ ti fi oògùn mú un!" Wọ́n fẹ́ wọ́ mi lọ gba ìtúsílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọgọ́sàn-án ìgbà ni mo fi irọ́ tẹ ilẹ̀, ẹ gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo sọ òótọ́, ẹ ní orí mi ti yí!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, tí àṣírí ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ṣe nǹkan ìṣeré. Ẹ̀yin àgbà àdúgbò wa, ẹ lọ mú ọkùnrin yẹn wálé, kẹ́ ẹ sì kan géètì yẹn kí wọ́n ṣí i, torí Bàbá Shamsudeen gbọ́dọ̀ rìn. Mi ò tíì ní kẹ́ ẹ forí jì mí. Tẹ́ ẹ bá máa lé mi, ẹ lé mi. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ gbà mí gbọ́.