Ẹnu Àwẹ̀ró Lára Ògiri

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ibi tí ẹ jókòó sí yìí ṣì jẹ́ igbó, obìnrin kan wà ní Ìsàlẹ̀-Odò tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Kò joyè, kò lówó. Ìrònú niṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín? Ìrònú ni mo wí! Àwọn àgbà ń toko wá bá a jiyàn. Òun ló sọ pé ọgbọ́n tí kò fẹ́ ká bi òun léèrè, ẹ̀rù ló ń bà á.

Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ Baálẹ̀ jẹ àgbàdo opó kan run. Baálẹ̀ ní opó náà ló jẹ̀bi, pé kò ṣọ́ oko rẹ̀. Àwẹ̀ró dìde. Ó ní, “Baálẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń dájọ́ wa. Ta ló ń dá tiyín?” Kò sẹ́ni tó dáhùn títí Àwẹ̀ró fi kú.

Ọmọ rẹ̀ ni Ṣíjúadé, ìyá ńlá wa. Àwọn obìnrin ló máa ń rẹ́ ògiri ilé Baálẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń kùn ún. Lọ́dún tí Àwẹ̀ró kú, Ṣíjúadé fi osùn àti ẹfun ya ìyá rẹ̀ sára ògiri tó kọjú sọ́jà. Ó yà á gàgàrà, ó la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

Baálẹ̀ gbaná jẹ. “Pa á rẹ́, tàbí kó o kúrò nílùú mi!”

Ṣíjúadé ní, “Ẹ ò tíì dáhùn, ẹ wá fẹ́ pa ẹnu tó bèèrè rẹ́. Mi ò pa ìyá mi rẹ́ o!” Ó gbé igbá osùn rẹ̀, àwọn obìnrin akunlé tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ ibí yìí dó.

Baálẹ̀ kó àwọn ọkùnrin jọ, wọ́n fi ọkọ́ ha àwòrán náà. Wọ́n ha á, wọ́n ha á, wọn ò mọ̀ pé amọ̀ tó ń gba ògiri lọ́wọ́ òjò ni wọ́n ń ha dànù. Ṣebí bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọbẹ̀? Àwọn fúnra wọn ló la ògiri lẹ́nu! Òjò kejì ló wó o. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Ṣíjúadé pé kó wá tún ògiri náà rẹ́. Ṣíjúadé ní, “Bí Baálẹ̀ bá ti dá ìyá mi lóhùn, n ó wá.” Baálẹ̀ ò dáhùn, Ṣíjúadé ò sì lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyàwó tuntun ilé wa ló ń kun ẹnu Àwẹ̀ró sára ògiri wa lọ́dọọdún, á sì bi olórí ẹbí ní ìbéèrè kan lójú gbogbo ayé. Olórí ẹbí ò gbọ́dọ̀ jókòó ní agboolé yìí títí yóò fi dáhùn.

Ìyàwó Àkànjí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wa, bi mí láàárọ̀ yìí pé, kí ló dé táwọn ọmọbìnrin wa kì í fi í pín nínú ilẹ̀ baba wọn? Mo ti rò ó, mo tún un rò. Mi ò tíì rí èsì tí ojú ò ní tì mí láti sọ. Ẹ má gbé àga wá fún mi.